"Mi Ò Mọ̀" Kì Í Ṣe Èébú

Ní àpérò ẹ̀ka ẹ̀kọ́ wa ní sáà tó kọjá, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní kan nawọ́. Ó bi mí pé kí ló dé tí a kò fi kọ "aiye" àti "enia" mọ́, bó ṣe wà nínú àwọn ìwé àtijọ́. Mo mọ ìdáhùn rẹ̀. Mo ti ka ìwé tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ayọ̀ Bámgbóṣé kọ lórí àkọtọ́ Yorùbá ní 1965, mo sì mọ̀ pé ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ tó ní ká máa kọ "ayé" àti "ènìyàn". Ṣùgbọ́n àwọn olùkọ́ wa jókòó níwájú, ẹ̀rù àṣìsọ sì bà mí. Ni mo bá fi Gẹ̀ẹ́sì bojú: "I'm not in the best position to answer that."

Àwọn èèyàn mi orí, wọ́n ní mo níwà. Ọmọ náà jókòó, kò sì béèrè ohunkóhun mọ́. Nígbà tí mo wá a lọ lẹ́yìn àpérò láti ṣàlàyé, ohun tó sọ ni pé, "Ẹ̀gbọ́n, mo rò pé ìbéèrè òpè ni mo béèrè ni."

Gbólóhùn yẹn fẹ̀ bí agbádá. Ohun mẹ́ta ló lè sá pamọ́ sábẹ́ rẹ̀: "Mi ò mọ̀ ọ́n", "Mo mọ̀ ọ́n, àmọ́ ẹnu mi kọ́ ló ti yẹ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ", "Mo mọ̀ ọ́n, ẹ̀rù ló ń bà mí." Kì í ṣe pé Gẹ̀ẹ́sì kò ní "I don't know". Àwa la sá fún un, torí ó ń dún létí wa bí ọ̀rọ̀ aláìmọ̀kan.

Àwọn kan á ní ìrẹ̀lẹ̀ ni. Mo gbà pé ó nígbà tó tọ́. Bí ẹnìkan bá bi ọ́ nípa èsì ìdánwò ọ̀rẹ́ rẹ, ẹnu rẹ kò gbà á lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ìrẹ̀lẹ̀ kì í fi abèèrè sílẹ̀ sínú òkùnkùn. A máa ń sọ pé abèèrè kì í ṣìnà. Ẹni tí a bi tó mọ̀nà tí kò júwe rẹ̀ ńkọ́?

Ẹ jẹ́ ká yàn èyí tó jẹ́ òótọ́. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, sọ pé o kò mọ̀, kí o sì dárúkọ ìwé tàbí ẹni tó mọ̀. Bí o bá mọ díẹ̀, sọ ọ́, kí o fi kún un pé, "Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyí." Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde, nígbà tẹ́ ẹ bá tún padà wá bá wa sọ̀rọ̀, ẹ jẹ́ ká gbọ́ "mi ò mọ̀" lẹ́nu yín lẹ́ẹ̀kan. Yóò tú wa sílẹ̀.