Òpó Iná Gogoro, Òkèèrè La Ti Ń Wò Ó

Ẹ̀yin ọmọ mi ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹ̀yin ti Àgọ́-Ìwòyè, àti ẹ̀yin ará etí omi láti Àbígí dé Ìwópin, ẹ fún mi létí díẹ̀. Kò sí ẹni tó fẹ́ òkùnkùn nínú wa. Láti ìgbà tí iná mọ̀nàmọ́ná ti kọ́kọ́ tàn ní Èkó ni gbogbo ìlú ti ń wá tirẹ̀. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni bí a ṣe ń sáré ri òpó iná sólà mọ́lẹ̀, tí a ń lùlù, tí a ń ya fọ́tò, tí a sì ń kẹ̀yìn sí i. Mo ti rí i rí.

Ẹ wo iná tí wọ́n dojú rẹ̀ kọ ẹni tó ń bọ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ funfun báláú bá kọlu ojú, ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ a ṣókùnkùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ẹni ibi á dúró síbẹ̀, á máa rí wa, àwa ò ní rí i. Láti 1982 ni wọ́n ti dá yunifásítì sílẹ̀ ní Àgọ́-Ìwòyè, àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì ń gun ọ̀kadà lóru níbẹ̀. Kòtò kan tí iná kò jẹ́ kí ọlọ́kadà rí tó láti sọ ayọ̀ ilé dẹkún. Igi gogoro tó fẹ́ gún wa lójú nìyẹn. Ọ̀nà àbáyọ ni kí wọ́n bo orí iná, kí ó kọjú sílẹ̀, kí àwọ̀ rẹ̀ pọ́n díẹ̀.

Àwọn ìyá wa mọ èyí kí NEPA tó dé. Lọ́jà alẹ́, olúkúlùkù gbé àtùpà tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ igbá ẹ̀kọ: ìmọ́lẹ̀ kékeré, nísàlẹ̀, tó tó láti rí ọjà àti ojú ẹni tó ń tà á. Kò fọ́ ẹnikẹ́ni lójú. Bẹ́ẹ̀ ni àtùpà kọ̀ọ̀kan sì ní ẹni tó ni ín, ẹni tó ń gé òwú rẹ̀, tó ń ra kẹrosíìnì sí i. Ta wá ló ni òpó sólà?

Nígbà tí òjò oṣù kẹfà bá ṣú dẹ̀dẹ̀, tàbí tí ọyẹ́ bá da eruku bo páńẹ́lì, bátìrì kì í gba agbára tó. Iná a kú lówùúrọ̀ kùtù, gan-an nígbà tí alájàpá ń jáde. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, bátìrì fúnra rẹ̀ a kú, òpó a sì wà lóòró bí ẹni tó ń ṣọ́ ìlú. Ẹni tó gbára lé e ti ju tọ́ọ̀ṣì nù. Bí a kò ti ń fi iná sórí òrùlé sùn, ẹ má fi ti ojú pópó sùn.

Ẹ̀yin ará etí òkun, tiyín tún lé kan. Orí iyanrìn ni ìjàpá òkun ń yé sí, ibi tó bá sì mọ́lẹ̀ jù lóru ni ọmọ rẹ̀ ń forí lé, torí ó gbà pé òkun ni. Bí iná yín bá tàn ju òkun lọ, ìlú ni yóò rìn wọ̀, ibẹ̀ ni yóò kú sí. Èbúté nílò iná, iyanrìn kò nílò rẹ̀.

Nítorí náà, ìjọba ni o, aṣòfin ni o, ọmọ ìlú tó rí jájẹ ni o, ẹni yòówù tó bá gbé òpó wá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì bi í: ibo ni iná náà yóò kọjú sí, ta ni yóò máa nu páńẹ́lì, owó ta ni yóò ra bátìrì mìíràn? Bí kò bá rí i dáhùn, ẹ má jẹ́ kó gbẹ́ ilẹ̀.