Kí Ló Wà Nínú Ilẹ̀kùn Yàrá X-ray Yẹn?

Inú mi dùn pé ibi tí wọ́n ti ń ya X-ray ti pọ̀ nígboro Ìbàdàn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ X-ray yìí, ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ lábúlé á jẹ̀rora títí kó tó dé ibi tí ẹ̀rọ wà. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni irú yàrá tí wọ́n ń kó ẹ̀rọ ọ̀hún sí. Ṣọ́ọ̀bù lásán ni àwọn kan ń háyà: búlọ́ọ̀kù oníhò, ilẹ̀kùn pákó, àti aládùúgbò tó fẹ̀yìn ti ògiri kan náà láti àárọ̀ dalẹ́.

Wọ́n pè mí sí irú ṣọ́ọ̀bù bẹ́ẹ̀ kan kí n bá wọn wò ó kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo fi ìka kan ilẹ̀kùn, ó dún bí àpótí òfìfo. Káfíńtà tó ṣe é wà níbẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ilẹ̀kùn yìí nípọn o. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ẹ ò ní rí ìmọ́lẹ̀ kankan lódì kejì." Òótọ́ ló sọ nípa tọ́ọ̀ṣì. Mo yí lọ sẹ́yìn ògiri, mo bá aránṣọ kan nídìí máṣíìnì, òun àti ọmọṣẹ́ rẹ̀ tó lóyún. Àga ọmọ náà kan ògiri gan-an, ní ọ̀gangan ibi tí wọ́n fẹ́ dojú ẹ̀rọ kọ láti máa ya àyà èèyàn.

Pákó ò jẹ́ nǹkan kan lójú X-ray. Ní 1895 tí Wilhelm Röntgen ya àwòrán ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ ní Jámánì, ìtànṣán náà gba inú ẹran ara kọjá, egungun dá lára rẹ̀ dúró, àmọ́ òrùka tó wà níka ló dí i pa. Bí nǹkan bá ṣe wúwo tó, tó sì ki tó, ló ṣe ń gbé ìtànṣán yìí mì tó. Ìdí tí a fi ń lo òjé nìyẹn, òjé yìí kan náà tí àwọn apẹja ń so mọ́ etí àwọ̀n. Òjé pẹlẹbẹ tó nípọn tó mìlímítà 2, tí wọ́n tẹ́ sáàárín pákó méjì, máa ń tó fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀kùn yàrá X-ray. Kọnkéré náà á ṣe é, ṣùgbọ́n yóò nípọn tó nǹkan bí inṣi 6, kó sì dì dénú. Búlọ́ọ̀kù oníhò inṣi 6 kì í ṣe kọnkéré inṣi 6 o. Afẹ́fẹ́ ló wà láàárín rẹ̀. Kí bíríkìlà rọ kọnkéré kún ihò yẹn, tàbí kó fi òkúta barite lílọ̀ pò mọ́ sìmẹ́ǹtì, kó fi rẹ́ ògiri nípọnnípọn. Barite ò jìnnà sí wa: wọ́n ń wà á ní Azara, ní Ìpínlẹ̀ Nasarawa.

Àwọn kan tún gbà pé òjé ń gba èèyàn lọ́wọ́ gbogbo ìtànṣán. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Épírónì òjé tí àwa òṣìṣẹ́ ń wọ̀ kì í sábà ju ìdajì mìlímítà lọ. Ó wúlò fún X-ray, àmọ́ òjé tó nípọn tó mìlímítà 12 ló ń dín ìtànṣán Cobalt 60 tí wọ́n fi ń wo jẹjẹrẹ kù sí ìdajì péré, ìyẹn ni ògiri irú yàrá bẹ́ẹ̀ fi máa ń jẹ́ kọnkéré tó tó mítà kan. Ìtànṣán beta tó lágbára, bó bá kọlu òjé ní tààràtà, X-ray mìíràn ló ń tibẹ̀ jáde. Ike ni a fi ń kọ́kọ́ dá a dúró. Ìtànṣán neutron ń gba inú òjé kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́, omi ló ń káwọ́ rẹ̀. Bébà lásán sì tó fún ìtànṣán alpha, bí èèyàn ò bá ṣáà ti gbé e mì tàbí fà á símú.

Inú ń bí mi sí àwọn tó ń ta sítíkà tí wọ́n ní ó ń dí ìtànṣán fóònù. Ìgbì rédíò ni ti fóònù, kò lágbára X-ray. Bí sítíkà bá sì dí i lóòótọ́, fóònù yẹn ò ní lè pe ẹnikẹ́ni.

Òjé fúnra rẹ̀ ń pani. Ní 2010, ó lé ní 400 ọmọdé tí májèlé òjé pa ní Zamfara, níbi tí wọ́n ti ń lọ òkúta wúrà tó ní òjé nínú láàárín agbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má yọ́ òjé lẹ́yìnkùlé nítorí ilẹ̀kùn. Kí wọ́n ra èyí tó ti wà ní pẹlẹbẹ, kí wọ́n sì fi pákó bò ó tónítóní.

Mi ò sọ pé ọmọṣẹ́ aránṣọ yẹn á ṣàìsàn lọ́la. Kékeré ni èyí tí yóò jò, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni yóò máa jò, kò sì sẹ́ni tó bi í bóyá ó fẹ́. Ìtànṣán tó jẹ́ millisievert 1 lọ́dún ni òfin fi ṣe ààlà fún ará ìlú. Àjọ NNRA, tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìtànṣán ní Nàìjíríà, ló ń fúnni ní ìwé àṣẹ láti lo irú ẹ̀rọ yìí, mo sì fẹ́ kí onílé máa béèrè ìwé náà kó tó gbé kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù fún ẹnikẹ́ni. Kí wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń wọn ìtànṣán dé ẹ̀yìn ògiri, kí wọ́n tan X-ray lójú aládùúgbò, kí wọ́n sì kọ iye tó bá gbé jáde fún un. Títí wọ́n á fi ṣe bẹ́ẹ̀, ọmọ tó lóyún yẹn lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n má tan ẹ̀rọ náà.