Pelé, Pẹ̀lẹ́, àti Ogun tí Bọ́ọ̀lù Kò Dá Dúró



Ní alẹ́ ọjọ́ 29 oṣù Ọ̀pẹ, 2022, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan nílùú wa, Ìlárá-Mọ̀kín, ni ìròyìn ikú Pelé ti bá mi. Bí wọ́n ṣe kéde rẹ̀ tán ni akẹ́kọ̀ọ́ kan tó jókòó níwájú mi fi ohùn ẹni tó dá lójú sọ pé, "Ọkùnrin yìí ló dá ogun Bìáfírà dúró." Gbogbo ilé mi orí. Àwọn tí wọn kò tíì dáyé nígbà ogun náà ń jẹ́rìí sí i. Bàbá àgbàlagbà kan tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn nìkan ni kò mi orí. Ó gbé fìlà rẹ̀ dé, ó sì jáde. Èmi náà kò sọ nǹkan kan lálẹ́ ọjọ́ náà, ọ̀rọ̀ náà sì ti ń jẹ mí lọ́kàn láti ìgbà yẹn.

Èrò mi nìyí: Pelé kò dá ogun kankan dúró, àwa tí a ń pe ara wa ní olólùfẹ́ èdè àti àṣà ló sì yẹ kó kọ́kọ́ jáwọ́ nínú ìtàn náà.

Kí a tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí a mọ ẹni tí à ń sọ. Edson Arantes do Nascimento ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Ọjọ́ 23 oṣù Ọ̀wàrà, 1940 ni wọ́n bí i nílùú Três Corações, ní ìpínlẹ̀ Minas Gerais, lórílẹ̀-èdè Bràsíl. Thomas Edison, ọ̀gá nínú iṣẹ́ iná mànàmáná, ni wọ́n rántí tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Edson. Bàbá rẹ̀, tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí Dondinho, fi bọ́ọ̀lù gbígbá ṣe iṣẹ́, ṣùgbọ́n orúnkún tó fi ṣèṣe kò jẹ́ kó rọ́wọ́ mú. Ìlú Bauru ni ọmọ náà dàgbà sí nínú ìṣẹ́. Ó ń nu bàtà fún owó, ìbọ̀sẹ̀ tí wọ́n ki ìwé àti àkísà bọ̀ ni òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ sì fi ń ṣe bọ́ọ̀lù. (Ẹ̀yin tí ẹ fi ọsàn tí kò tíì pọ́n gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé-ìwé l'Ákùúrẹ́, ẹ mọ ohun tí mò ń sọ.)

Nígbà tí Uruguay na Bràsíl mọ́lé ní 1950, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án náà rí omijé lójú bàbá rẹ̀, ó sì ṣèlérí fún un pé òun yóò gba Ife Àgbáyé wá sílé. Ọdún mẹ́jọ péré ló lò tó fi mú un ṣẹ. Ní Sweden ní 1958, ọmọ ọdún 17 yìí gbá bọ́ọ̀lù mẹ́fà wọlé: ọ̀kan sí àwọ̀n Wales, mẹ́ta sí ti Faransé, méjì sí ti onílé nínú àṣekágbá. Ní Chile ní 1962, ìfarapa mú un kúrò lórí pápá nínú ìdíje kejì, Garrincha ló sì ru ẹgbẹ́ náà dé òpin. Ní 1966, wọ́n ta á nípàá ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí ó fi ń tiro. Ní Mexico ní 1970, ó gba ife kẹta. Kò tíì sí agbábọ́ọ̀lù mìíràn tó gba mẹ́ta.

Èmi kò sí lára àwọn tó ń sọ ọ́ di òrìṣà o. Nígbà tí àwọn ológun ń ṣèjọba ní Bràsíl láti 1964 dé 1985, ẹnu rẹ̀ dákẹ́ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọmọbìnrin kan wà pẹ̀lú tí kóòtù sọ pé òun ló bí i, tí kò fi gbogbo ọkàn gbà títí ọmọ náà fi kú ní 2006. Ènìyàn ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ ló yàtọ̀.

Orúkọ rẹ̀ gan-an yẹ kó ti kọ́ wa lọ́gbọ́n. Etí Yorùbá kì í gbọ́ "Pelé" kó má rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí a bá fi àmì ohùn òkè sórí fáwẹ̀lì méjèèjì, pélé ni, ìyẹn ilà kéékèèké mẹ́ta tó dúró ṣánṣán lẹ́rẹ̀kẹ́, tí a máa ń dárúkọ mọ́ àbàjà àti gọ̀ǹbọ́. Bí a bá yí fáwẹ̀lì rẹ̀ padà, ó di pẹ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ tí a fi ń kí aláìsàn àti ẹni tó fẹsẹ̀ kọ. Nítorí ìdí èyí, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀mọ̀wé kan pé Yorùbá pọ́ńbélé ni orúkọ náà, pé àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú ló gbé e lọ sí Bràsíl.

Ó dùn-ún gbọ́. Ó tilẹ̀ bá ohun tí a mọ̀ mu: àwọn ọmọ Yorùbá dé Bahia lóòótọ́, wọ́n ń bọ Ṣàngó àti Yemọja níbẹ̀ títí dòní, àwọn tó sì padà wá sí Èkó nínú wọn ni à ń pè ní Àgùdà. Ṣùgbọ́n kí ọ̀rọ̀ bá ohun tí a mọ̀ mu kò sọ ọ́ di òótọ́. Ẹni tó ni orúkọ ti ṣàlàyé rẹ̀. Aṣọ́lé kan wà nínú ẹgbẹ́ tí bàbá rẹ̀ ń bá gbá bọ́ọ̀lù, Bilé ni wọ́n ń pè é. Ọmọdé náà kò lè pe orúkọ yìí dáadáa, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá sọ àṣìpè náà di orúkọ ẹ̀fẹ̀ fún un. Ó kórìíra rẹ̀ débi pé ó jà nílé-ìwé nítorí rẹ̀. Pélé ojú kọ́, pẹ̀lẹ́ aláìsàn kọ́.

Bí a ṣe fi dídùn etí sọ orúkọ yẹn di tiwa náà ni a ṣe ń fi dídùn ìtàn sọ pé ogun dúró.

Ohun tó dájú nìyí. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1969, Santos, ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Pelé, ń yí ilẹ̀ Áfíríkà ká, owó ni wọ́n sì ń pa, nítorí gbogbo ayé ló fẹ́ fojú kàn án. Ní ọjọ́ 26 oṣù Ṣẹ́rẹ́, wọ́n pàdé Nàìjíríà l'Ékòó. Ọ̀mì ni wọ́n gbá, méjì sí méjì, Pelé ló sì gbá méjèèjì wọlé fún Santos. Ní ọjọ́ 4 oṣù Èrèlé, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù nílùú Benin, wọ́n sì fi méjì sí ọ̀kan borí ẹgbẹ́ àwọn ará Mid-West. Lẹ́yìn náà, wọ́n gba Gánà lọ.

Ìtàn tí à ń sọ ni pé àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ àti ti Bìáfírà kó ìbọn sílẹ̀ kí wọ́n lè wo Pelé. Ẹnìkan á ní wákàtí 48 ni, ẹlòmíràn á ní ọjọ́ mẹ́ta. Ẹnìkan á ní nítorí ìdíje Èkó ni, ẹlòmíràn á ní ti Benin ni. Ìtàn tí ọjọ́ rẹ̀ àti ibùdó rẹ̀ ń yí bí ọ̀gà báyìí, ó yẹ kí a fura sí i.

Níbo ni ogun wà nígbà náà? Ìbọn kò dún l'Ékòó. Ìjọba àpapọ̀ ti gba Benin padà láti oṣù Ọwẹ́wẹ̀, 1967. Ilẹ̀ Ìgbò, lágbègbè Ùmúàhíà àti Òwèrè, ni wọ́n ti ń para wọn. Àwọn kan máa ń fi kún un pé wọ́n ṣí afárá kí àwọn ará òdìkejì lè kọjá wá wòran ní Benin. Wọn kì í sọ afárá wo. Èyí tó so Àsábà mọ́ Onitsha, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà ti fi àdó olóró bà á jẹ́ láti oṣù Ọ̀wàrà, 1967, nígbà tí wọ́n ń sá padà. Àwọn tó tú ìwé ìròyìn Èkó ìgbà náà wò kò rí ìkéde ìdáwọ́dúró ogun kankan níbẹ̀. Pelé fúnra rẹ̀ kò mẹ́nu bà á nínú ìwé ìtàn ayé rẹ̀ tó jáde ní 1977. Nínú èyí tó jáde ní nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà ló tó dárúkọ rẹ̀, níbẹ̀ náà ó ní kò dá òun lójú pé òótọ́ pátápátá ni.

Ọ̀rẹ́ mi kan, olùkọ́ èdè, bá mi jiyàn. Ó ní, "Kí ló burú nínú ìtàn tó ń yin àlàáfíà? Ṣebí àlọ́ ni." Mo ronú sí i gidigidi, nítorí ọ̀rọ̀ náà lẹ́wà. Ṣùgbọ́n àlọ́ ní ẹnu ọ̀nà tirẹ̀. Apàlọ́ á ní "Ààlọ́ o!", àwọn ọmọ á ní "Ààlọ̀!", gbogbo ilé á sì mọ̀ pé a ti wọ ibi tí ìjàpá ti ń sọ̀rọ̀. Ìtàn Pelé kò gba ẹnu ọ̀nà yẹn wọlé. Ó wọ aṣọ ìròyìn, ó mú ọdún àti ìlú lọ́wọ́, ó sì jókòó láàárín wa bí ẹlẹ́rìí.

Ó sì yẹ kí àwa ará ìpínlẹ̀ Oǹdó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Ògún, 1967, àwọn ọmọ ogun Bìáfírà gba Benin kọjá, wọ́n sì dé Ọ̀rẹ̀, ní gúúsù ìpínlẹ̀ wa yìí, kí wọ́n tó lé wọn padà. Láti inú ìjà yẹn ni a ti rí "Ó le kú, ìjà Ọ̀rẹ̀," tí a ń lò lónìí fún aáwọ̀ ibi ìgbéyàwó àti fún sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀. A ń fi ṣẹ̀fẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ṣì rántí pé ó le, àti pé wọ́n kú. Ìtàn Pelé kò rántí ẹnikẹ́ni. Ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí Santos fi wà láàárín wa, òru ni ọkọ̀ òfuurufú ń gbé oúnjẹ lọ sí pápá Uli fún àwọn ọmọ tí ebi ń pa kú ní Bìáfírà. Ogun náà kò parí àfi ní ọjọ́ 15 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1970, ó kù díẹ̀ kó pé ọdún kan lẹ́yìn tí àlejò ti lọ.

Nígbà tó yá, mo lọ kí bàbá tó dé fìlà jáde lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì bi í ní ohun tó lé e jáde. Ó ní, "Ọmọ mi, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan la jọ kàwé. Ó wọṣẹ́ ológun. Inú oṣù Èrèlé ọdún yẹn ni ìròyìn rẹ̀ dé ilé wọn." Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì bi í mọ́.

Mo padà rí akẹ́kọ̀ọ́ yẹn lójú ọ̀nà Akúrẹ́. Mo sọ gbogbo èyí fún un, ó sì tẹ́tí sílẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú rẹ̀ kò dùn. Mo wá bi í bóyá ó mọ iye tí Nàìjíríà àti Santos gbá lọ́jọ́ náà l'Ékòó, ọjọ́ tí mọ́kànlá tiwa dúró níwájú agbábọ́ọ̀lù tó lókìkí jù láyé. Ó ní òun rò pé wọ́n nà wá ni.

"Ọ̀mì ni," mo ní. "Méjì sí méjì."

Ó ní kí n tún un sọ.