Afárá Tí A Gbé Kúrò Láàrin Girama àti Yunifásítì

Nígbàkígbà tí èsì ìdánwò ìwé mẹ́wàá bá jáde, ìdùnnú a máa ṣubú lu ayọ̀ nínú ilé àwọn òbí. Bàbá tí ọmọ rẹ̀ yege a pa adìẹ, a sì máa wí fún gbogbo ará ọjà pé ọmọ òun ti di ará Yunifásítì. Àwa kò bá ẹnikẹ́ni du ayọ̀ yìí. Ṣùgbọ́n láti ìjókòó girama dé ìjókòó Yunifásítì, kí ni ọmọ náà yóò gùn kọjá?

Ní àwọn ọdún tí ó tẹ̀lé dídá Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn sílẹ̀ ní 1948, ọmọ tí ó ní ìwé mẹ́wàá nìkan a kọ́kọ́ gba ẹ̀kọ́ ìmúrasílẹ̀ níbẹ̀. Èyí tí ó ti lo ọdún méjì ní kíláàsì kẹfà, tí ó sì gba HSC, a bọ́ sínú iṣẹ́ oyè lẹ́sẹ̀kan náà. King's College ní Èkó àti Government College ní Ìbàdàn wà lára àwọn tí ó ní irú kíláàsì bẹ́ẹ̀.

Ní girama, iṣẹ́ mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án ni ọmọ ń kọ́. A dà á kọ láti ojú pátákó, a sì kọ́ ọ sórí bí oríkì. Ní kíláàsì kẹfà, mẹ́ta péré ni, ṣùgbọ́n ìdí ọ̀rọ̀ ni à ń wá. Ọmọ tí ó mọ̀ pé iná a máa mú omi hó ni a ó wá bi pé, èé ṣe tí ooru tí ó ń mú omi hó lórí òkè gíga kò tó èyí tí ó ń mú un hó ní etí òkun? Kò sí èyí nínú ìwé tí ó dà kọ. Ọ̀pọ̀ ọmọ ọlọ́gbọ́n ni ó ń ṣubú níbi báyìí ní sáà àkọ́kọ́, tí bàbá yóò sì máa wí pé ayé ti gba ọmọ òun. Kì í ṣe ayé, kì í sì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ̀ pé a kì í hú ọ̀dọ́ kòkó lábẹ́ ibòji kí á lọ gbìn ín sí ojú oòrùn láìsí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí yóò ṣíji bò ó.

Ní 1982 ni ètò 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, kíláàsì kẹfà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kásẹ̀ nílẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Àwọn kan rò pé ó dín ọdún kù. Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀. Ti àtijọ́ jẹ́ ọdún 6 ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, 5 ní girama, 2 ní kíláàsì kẹfà, 3 ní Yunifásítì: 16 ni. Ti ìsinsìnyí, 6, 3, 3 àti 4: 16 náà ni. A kò dín ọjọ́ kan kù! A kàn pín ọdún méjì afárá ni, a fi ọ̀kan kún girama, a fi èkejì kún Yunifásítì, a sì di ẹrù ìmúrasílẹ̀ lé ọdún àkọ́kọ́ níbẹ̀ lórí, nínú gbọ̀ngàn tí ọ̀gọ́ọ̀rọ̀ ọmọ kún inú rẹ̀. Òótọ́ ni pé kíláàsì kẹfà ìgbà náà kò gba ju ọmọ díẹ̀ lọ. Bí ilé bá há, ṣé wíwó ni à ń wó o ni, tàbí fífẹ̀ ni à ń fẹ̀ ẹ́?

Afárá ṣì wà, ṣùgbọ́n owó ni a ń san kọjá lórí rẹ̀. IJMB, tí Yunifásítì Ahmadu Bello ní Zaria ń darí, àti JUPEB, tí a dá sílẹ̀ ní 2014, ń kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ mẹ́ta. Ẹni tí ó bá yege dáadáa lè gba ọ̀nà Direct Entry ti JAMB wọ ọdún kejì. Ètò rere ni. Ṣùgbọ́n àgbẹ̀ abúlé yóò san owó ẹ̀kọ́, yóò gba yàrá fún ọmọ ní ìgboro, yóò sì máa bọ́ ọ, kí Yunifásítì tó béèrè kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. (Ẹ̀yin tí ẹ lè san án, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Yunifásítì tí wọ́n bá dárúkọ bóyá ó mọ ibi tí ẹ ń kó owó lọ, oníjìbìtì kò jìnnà sí òwò yìí.)

Ìwọ̀-Oòrùn fi ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ lélẹ̀ ní 1955, Yunifásítì Ifẹ̀ sì ṣí ní 1962. Ohun tí à ń béèrè kò tó ìyẹn: kí girama ìjọba kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní kíláàsì yìí, láìgba owó, pẹ̀lú yàrá sáyẹ́ǹsì tí a kì í fi àgádágodo tì, àti olùkọ́ tí ó gba oyè nínú iṣẹ́ tí ó ń kọ́ni. Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ ní wọ́ọ̀dù gbogbo, ẹ lọ bá aṣojú yín ní Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ kí wọ́n tó jókòó lórí ìṣirò owó ọdún tí ń bọ̀, kí ẹ sì bi í ní gbangba: girama wo ní agbègbè wa ni kíláàsì náà yóò wà?