Bẹ́líìtì já lẹ́yìn sáfíìsì: ta ló yẹ kó san owó ẹ́ńjìnnì?

Kò sí ọ̀rọ̀ tó máa ń dá ìjà sílẹ̀ ní ọgbà mẹkáníìkì tó ti ọkọ̀ tó jáde níbẹ̀ lánàá, tí wọ́n sì wọ́ padà wá lónìí. Láti Japara àti Ojowo n'Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ọ̀rù àti Àgọ́-Ìwòyè, àwọn tó ń fi ọkọ̀ jẹun mọ ìjà náà dáadáa. Onímọ́tò ti san owó sáfíìsì, wọ́n ti pààrọ̀ ọ́ìlì, fílítà àti púlọ́ọ̀gì, ọkọ̀ sì ń dún bíi tuntun. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan, ó kó èrò lọ sọ́nà Ìbíadé, ẹ́ńjìnnì kú lójijì, kò sì jí mọ́. Wọ́n ṣí i wò, táímìn bẹ́líìtì ló já. Onímọ́tò ní mẹkáníìkì ló ba ọkọ̀ òun jẹ́; mẹkáníìkì ní òun ò fọwọ́ kan bẹ́líìtì rárá. Àwọn ará àdúgbò á sì dá sí i, ẹni tó mọ̀ àti ẹni tí kò mọ̀.

Nínú ọ̀pọ̀ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, àwọn méjèèjì ló jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ẹ̀bi wọn kò dọ́gba. Ti mẹkáníìkì ló pọ̀ jù, kì í sì í ṣe nítorí ohun tí onímọ́tò ń pariwo lé lórí.

Àwọn àgbà tó wa Peugeot 504 tàbí Volkswagen tí wọ́n ń pè ní ìjàpá kò mọ wàhálà yìí. Ṣéènì onírin ló wà nínú ẹ́ńjìnnì 504, jíà ló wà nínú ti ìjàpá, àwọn méjèèjì sì lè bá ẹ́ńjìnnì dọ́jọ́ alẹ́. Ọdún 1962 ni ilé iṣẹ́ Glas ní Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ọkọ̀ tí wọ́n fi bẹ́líìtì onírọ́bà eléyín ṣe táímìn rẹ̀, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn sì tẹ̀ lé wọn, torí pé bẹ́líìtì kì í pariwo, kò sì wọ́n tó ṣéènì. Ohun tí wọ́n fi gba ìrọ̀rùn yẹn ni pé rọ́bà máa ń gbó.

Iṣẹ́ bẹ́líìtì náà kò ju kó so kiránkì tó wà nísàlẹ̀ pọ̀ mọ́ kamuṣáàfù tó wà lókè. Bí kiránkì bá yí lẹ́ẹ̀mejì, kamuṣáàfù gbọ́dọ̀ yí lẹ́ẹ̀kan, kò gbọdọ̀ fi eyín kan péré yẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, fáfù kọ̀ọ̀kan ń ṣí, ó ń padé, ní ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Písítìn ń gòkè, fáfù ń sọ̀ kalẹ̀, bẹ́líìtì ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Ọjọ́ tó bá já, kamuṣáàfù dúró, fáfù tó ṣí sílẹ̀ wà ní ṣíṣí, písítìn á sì wá gbá a. Fáfù á tẹ̀, nígbà mìíràn písítìn náà á lu.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ń rí bẹ́ẹ̀ o. Camry tí wọ́n ń pè ní Pencil, èyí tó jáde láàárín 1997 sí 2001 tó ní sílíńdà mẹ́rin, fáfù rẹ̀ kì í pàdé písítìn: bí bẹ́líìtì já, wọ́n á fi òmíràn sí i, ọkọ̀ á sì máa lọ. Ṣùgbọ́n Honda Accord 1998 sí 2002, Baby Boy tó pọ̀ káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, kò sí àánú níbẹ̀. Héèdì á wálẹ̀, bí kò bá sì ṣe é tún ṣe, ó di Ládípò ní Mushin láti lọ wá ẹ́ńjìnnì tòkúnbọ̀. Ẹni tó ra ọkọ̀ tí kò mọ èyí tó jẹ́ nínú méjèèjì, ó dà bí ẹni tó gbé ẹrù tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ náà kò sì mọ lórí owó. Nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá kú lórí eré, sítíárì á le, bíréèkì á gbọ́ lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́yìn náà á di bí òkúta lábẹ́ ẹsẹ̀. Kí èyí ṣẹlẹ̀ ní ọ̀nà inú igbó, tí èrò kún ọkọ̀, kì í ṣe eré ọmọdé.

Ǹjẹ́ sáfíìsì ló já bẹ́líìtì? Lọ́pọ̀ ìgbà, rárá. Ohun tí wọ́n ń pè ní sáfíìsì ní ọ̀pọ̀ ọgbà mẹkáníìkì kò ju ọ́ìlì, fílítà àti púlọ́ọ̀gì lọ. Inú ìdérí ni bẹ́líìtì wà, ẹni tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì kò ní í rí i. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ní kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ láàárín máìlì 60,000 sí 105,000, ṣùgbọ́n ta ló mọ iye máìlì tí tòkúnbọ̀ ti rìn, nígbà tí wọ́n ti yí mítà rẹ̀ padà? Ọjọ́ orí náà wà níbẹ̀. Honda ní bí kò tilẹ̀ rìn tó bẹ́ẹ̀, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ bó bá ti pé ọdún méje. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe ní 2002 yẹ kó ti gba tuntun ní 2009, ní 2016 àti ní 2023. Àwọn tó ń wà á mọ̀ bóyá ó gbà á.

Ibi tí ẹ̀bi mẹkáníìkì ti bẹ̀rẹ̀ nìyí. Òun ló mọ̀ pé bẹ́líìtì wà níbẹ̀. Òun ló yẹ kó bi oníbàárà léèrè ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ gbẹ̀yìn, bí oníbàárà kò bá sì mọ̀, kó sọ fún un pé kò sí sáfíìsì tó pé láìṣe ti bẹ́líìtì. Bí oníbàárà bá ní kò sówó, kó kọ ọ́ sínú ìwé rìsíìtì, ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nìyẹn. Ẹlẹ́rù ní í gbé e níbi tó ti wúwo, ṣùgbọ́n ẹnì kan gbọ́dọ̀ ti sọ fún un pé ó wúwo. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ onímọ́tò ahun ni, tí wọ́n á ní “ọ̀gá, ẹ bá mi lẹ̀ ẹ́ kó kàn máa lọ.” Síbẹ̀, ẹni tó kọ́ṣẹ́, tó gba fírídọ̀ọ̀mù, ni ìmọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé ọwọ́ mẹkáníìkì gan-an ló já a. Ọ́ìlì tó dà sórí bẹ́líìtì tí kò nù kúrò, síìlì tó ń jò tó fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, tẹ́ńṣọ̀nà àtijọ́ tó dá padà. Èyí tó burú jù ni bẹ́líìtì tòkúnbọ̀. Okùn tíntìntín tí wọ́n fi gíláàsì ṣe ló wà nínú rọ́bà náà, bí wọ́n bá ti ká a pọ̀ tàbí lọ́ ọ, okùn náà á ti dá nínú láìhàn síta. Kò sí ojú tó lè mọ̀. Ẹni tó bá fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, tó sì gbowó tuntun, orúkọ kan náà ni tirẹ̀ àti ti olè. Àwọn òyìnbó pàápàá kò yọ nínú ọ̀rọ̀ bẹ́líìtì àti ọ́ìlì: ẹ́ńjìnnì PureTech tó wà nínú Peugeot àti Citroën, inú ọ́ìlì ni bẹ́líìtì rẹ̀ ń yí, ó sì ń yòrò. Àwọn oníbàárà ní Faransé pariwo títí, ní 2024 ilé iṣẹ́ Stellantis fi gárántì rẹ̀ gùn di ọdún mẹ́wàá tàbí kìlómítà 175,000.

Níbí, àwọn kan á ní àwọn ọ̀tá ló wà nídìí rẹ̀, tàbí pé Ògún ń bínú. Ògún tí í ṣe alágbẹ̀dẹ kò ní nǹkan án fi rọ́bà ṣe.

Òfin sì wà. Òfin ọdún 2018 tó dá àjọ FCCPC sílẹ̀ fún oníbàárà lẹ́tọ̀ọ́ sí iṣẹ́ tó pójú owó, kí wọ́n sì dá ohun ìní rẹ̀ padà ní ipò tó dára tó bó ṣe wà kó tó gbé e wá, ó kéré tán. Ó tún ní kí ẹni tó ń ta ọjà àlòkù sọ ọ́ gbangba pé àlòkù ni. Òfin náà kò yọ ọgbà abẹ́ igi sílẹ̀. Ohun tó ń pa ẹjọ́ onímọ́tò ni pé kò ní ìwé kankan lọ́wọ́: kò sí rìsíìtì, kò sí déètì, kò sí iye máìlì, ẹnu lásán ló fi ń jà.

Bó bá sì ti ṣẹlẹ̀ lójú ọ̀nà, kí awakọ̀ má ṣe tún kọ́kọ́rọ́ yí léraléra, torí gbogbo ìgbà tó bá yí i ni fáfù mìíràn lè tẹ̀. Kí wọ́n wọ́ ọ dé ọgbà, kí wọ́n sì ṣí ìdérí náà lójú ẹni méjì, kí wọ́n má sì ju bẹ́líìtì tó já nù. Bí ọ́ìlì bá ti mu ún, ibi tó ti ń jò ni kí wọ́n wá. Bí etí rẹ̀ kan bá ti họ, kò jókòó dáadáa lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti sán wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ilẹ̀ ẹ̀rùn, ogbó ló pa á, kí onímọ́tò sì lọ wá owó rẹ̀.