Ìwé Àṣírí Kọ́nẹ́ẹ̀lì Scott: Ta Ni Yóò Ṣí Àpótí Ogun Tiwa?

Àwọn àgbà ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Nígbà ogun abẹ́lé Nàìjíríà, àlejò kan wà ní Èkó tó lójú, tó sì fi ríran dáadáa. Robert Scott ni orúkọ rẹ̀, Kọ́nẹ́ẹ̀lì ni nínú iṣẹ́ ológun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun sì ni olùdámọ̀ràn lórí ọ̀rọ̀ ológun ní ilé iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ní ìparí ọdún 1969, nígbà tí ogun ti wọ ọdún kẹta, ó kọ ìròyìn kan nípa bí àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ ṣe ń jà. Àwọn ọ̀gá rẹ̀ ní ìlú London ló kọ ọ́ fún. Kò kọ ọ́ kí ọmọ Nàìjíríà kankan lè kà á.

Ní ọjọ́ 11, oṣù kìíní, ọdún 1970, ìwé ìròyìn Sunday Telegraph gbé e jáde fún tẹrú tọmọ. Ojú ti ìjọba méjèèjì. Ìjọba Ọ̀gágun Yakubu Gowon ní kí Scott palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́, kó máa lọ sílé. Ní ọjọ́ 15 oṣù náà, àwọn aṣojú Biafra juwọ́ sílẹ̀ ní Dodan Barracks, ogun sì parí. Ayọ̀ àlàáfíà bo ariwo ìwé náà mọ́lẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kò sì gbọ́ orúkọ Scott rí títí di òní olónìí. Mo fẹ́ kí a padà sí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ìbéèrè tó wà nídìí rẹ̀ ṣì wà nílẹ̀.

Kí ni Scott sọ tó fi di ẹni tí a lé? Ìjọba tó rán an níṣẹ́ kì í ṣe ọ̀tá Nàìjíríà. Ìjọba Harold Wilson ló ń ta ohun ìjà fún Gowon. Síbẹ̀, Scott kò pọ́n ẹnikẹ́ni lé. Ó kọ ọ́ pé àwọn ọmọ ogun ń fi ọta ìbọn ṣòfò, pé ètò wọn kò gún, àti pé èyí wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ogun náà tètè parí. Ẹni tó bá mọ ìtàn kò ní yà á lẹ́nu. Iye ọmọ ogun tí Nàìjíríà ní nígbà tí ìbọn kọ́kọ́ dún ní oṣù keje ọdún 1967 kò ju nǹkan bí 10,000 lọ. Nígbà tí ogun fi máa parí, wọ́n ti ń lọ sí 250,000. Àwọn ọ̀dọ́ tí kò tíì gbá ìbọn mú rí ni ọ̀pọ̀ wọn. Ní oṣù kẹrin ọdún 1969, Biafra gba Owerri padà. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni Gowon pààrọ̀ ọ̀gá àwọn ẹ̀ka ọmọ ogun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, tí Olusegun Obasanjo sì gba ipò Benjamin Adekunle. Bí nǹkan bá ń lọ dáadáa, a kì í pààrọ̀ ọ̀gágun mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé amí wá ni Scott? Rárá o. Àdéhùn Vienna ti ọdún 1961, tó wà lórí àjọṣe àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè, sọ ọ́ kedere ní abala kẹta pé ara iṣẹ́ ilé iṣẹ́ aṣojú ni láti wádìí bí nǹkan ṣe ń lọ ní ilẹ̀ tó gbà á lálejò, kó sì ròyìn rẹ̀ sílé, bí kò bá ṣáà ti gba ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àdéhùn kan náà fún ilẹ̀ tó gbàlejò ní agbára láti lé aṣojú lọ láìsọ ìdí. Scott ṣe iṣẹ́ rẹ̀, Gowon náà lo ẹ̀tọ́ rẹ̀. Iṣẹ́ yìí kò sì ṣàjèjì sí wa. Ojú àti etí Aláàfin ni àwọn ìlàrí tó máa ń rán jáde kúrò ní Ọ̀yọ́. Àwọn ajẹ́lẹ̀ tí Ìbàdàn fi sí ìlú tó ṣẹ́gun kò wà níbẹ̀ fún gbígba ìṣákọ́lẹ̀ nìkan, wọ́n ń gbọ́, wọ́n ń wò, wọ́n sì ń ránṣẹ́ sílé.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní London lẹ́yìn èyí ló yẹ kó jẹ wá lógún jù. Ìwé náà dé ọwọ́ Douglas Cairns, tó wà nínú ikọ̀ àwọn alákìíyèsí ológun tí Nàìjíríà fúnra rẹ̀ pè wá láti òkè òkun ní ọdún 1968. Láti ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti dé ọwọ́ Ọ̀gágun Henry Alexander, tí òun náà ti bá ikọ̀ náà ṣiṣẹ́, kó tó dé ọwọ́ akọ̀ròyìn Jonathan Aitken, tó gbé e lọ sí ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn. Ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wọ́ Aitken, Cairns àti olóòtú Sunday Telegraph, Brian Roberts, lọ sílé ẹjọ́ lábẹ́ Òfin Àṣírí Ìjọba ti ọdún 1911. Ní oṣù kejì ọdún 1971, àwọn ará ìlú méjìlá tó bá adájọ́ gbọ́ ẹjọ́ náà dá gbogbo wọn sílẹ̀. Adájọ́ Caulfield fúnra rẹ̀ sọ pé ó ti tó àkókò kí a fẹ̀yìn abala òfin tí wọ́n lò tì. Ó pẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ní ọdún 1989 wọ́n fi òfin tuntun rọ́pò abala náà. Nígbà tí ọgbọ̀n ọdún sì pé, wọ́n ṣí ọ̀pọ̀ ìwé ogun wa tó wà lọ́wọ́ wọn sílẹ̀ ní ilé àkójọ ìwé ìjọba ní Kew. Amẹ́ríkà náà ti tẹ ọ̀pọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí aṣojú wọn ní Èkó ń fi ránṣẹ́ nígbà náà jáde.

Àwa ńkọ́? A lé òǹkọ̀wé, a sì pa ẹnu mọ́ lórí ohun tó kọ. Òfin Àṣírí Ìjọba tiwa, ti ọdún 1962, ṣì wà níbẹ̀ bó ṣe wà. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Oputa, tó gbọ́ ẹ̀sùn ìfìyàjẹni láti ìgbà ìjọba ológun, gbé àbọ̀ ìwádìí rẹ̀ kalẹ̀ ní ọdún 2002, ìjọba kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1967, àwọn ọmọ ogun ìjọba àpapọ̀ pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọkùnrin ní Asaba. Ta ló pàṣẹ? Ìròyìn wo ló dé Èkó lọ́jọ́ kejì, ta ló sì kà á? Àwọn ọmọ tó di aláìníbaba lọ́jọ́ náà ti di arúgbó báyìí, wọn kò sì rí ìwé ìjọba kankan tó dá wọn lóhùn.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ogun kì í ṣe ohun tí à ń sọ ní gbangba. Òótọ́ ni, bí ogun bá ṣì ń lọ. Ẹni tó bá tú ibi tí ọmọ ogun fẹ́ gbà síta ti ta ẹ̀mí ènìyàn. Ṣùgbọ́n ogun tó ti parí láti ọdún 1970, ọ̀tá wo ni à ń fi ìwé rẹ̀ pamọ́ fún? Òfin Òmìnira Ìròyìn ti ọdún 2011 pàápàá gbà pé bí àǹfààní ará ìlú bá ju ewu lọ, kí ìjọba fi ìwé náà hàn, bó tilẹ̀ kan ọ̀rọ̀ ààbò.

Ìdí mìíràn wà tí kò fi yẹ kí a fi ìtàn wa sílẹ̀ fún Scott àti ẹgbẹ́ rẹ̀. Ojú àlejò mú, ṣùgbọ́n ó níbi tó mọ. Scott rí àìlera àwọn ọmọ ogun wa ní ìparí ọdún 1969, oṣù kan kò sì ju oṣù kan lọ lẹ́yìn náà tí wọ́n fi parí ogun náà. Nǹkan kan wà tí kò hàn sí i. Obasanjo kọ ìwé My Command ní ọdún 1980, àwọn ọ̀gágun mìíràn náà kọ tiwọn, a sì dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ara ẹni ni ọ̀gágun máa ń rò nínú ìwé rẹ̀. Ìwé ìjọba nìkan la lè fi wọn gbogbo wọn wò.

Kí ìjọba àpapọ̀ gbé ọjọ́ kalẹ̀ tí yóò ṣí àwọn ìwé ogun 1967 sí 1970 sílẹ̀, kó sì kó wọn lọ sí ilé àkójọ ìwé ìjọba tó wà ní Ìbàdàn, níbi tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé wọ ọkọ̀ dé. Láti ọdún 2009 ni àwọn ọmọ ogun wa ti ń jà ní àríwá ìlà-oòrùn. Bí mo ṣe ń kọ èyí, àwọn aṣojú ilẹ̀ òkèèrè wà ní Àbújá tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wo ogun náà, kí wọ́n sì kọ ohun tí wọ́n rí ránṣẹ́ sílé. N kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n bí a kò bá ṣe nǹkan, àwọn ọmọ wa ni yóò gba ìwé ìrìnnà lọ sí London láti lọ ka bí àwọn bàbá wọn ṣe kú.