Kí Ẹ Tó Sanwó Ilé

Ọ̀rọ̀ ilé rírà la fẹ́ bá ìdílé yín sọ lọ́tẹ̀ yìí, nítorí pé àwọn ará tó ti fi owó tí wọ́n tù jọ fún ọdún gbọọrọ ra ẹjọ́ dípò ilé kò kéré ní ìlú Ìbàdàn.

Ẹ jẹ́ ká fi Òkè-Àdó ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀pọ̀ ilé tó wà níbẹ̀ ló ti pẹ́. Àwọn oníṣòwò àti akọ̀wé, tí ọ̀pọ̀ Ìjẹ̀bú wà nínú wọn, ló kọ́ wọn kí òmìnira 1960 tó dé. Baba tó kọ́ ilé ti sùn, àwọn ọmọ ti fọ́n ká sí Èkó àti òkè òkun, ẹnì kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù sílé. Ẹni náà ni yóò wá sọ fún yín pé òun fẹ́ tà á. Bí baba kò bá ṣe wíìlì, ilé náà ti di ti ẹbí lábẹ́ àṣà Yorùbá. Dáwódù ni olórí, ṣùgbọ́n òun nìkan kọ́ ló ni ín. Àwọn ilé ẹjọ́ wa ti là á mọ́lẹ̀ tipẹ́: bí ọmọ ẹbí kan bá tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni ọjà náà. Bí olórí bá sì dá tà láìjẹ́ kí àwọn àgbà ẹbí fọwọ́ sí i, àwọn tó kù lè gba kóòtù lọ kí wọ́n yí i padà. Nínú ilé olórogún, ẹ rí i pé aṣojú ọmọ ìyá kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀. Ẹ má sì fo àwọn ọmọbìnrin tó ti lọ sílé ọkọ, ẹ̀tọ́ wọn nínú ilé baba wọn kò tán.

(Bí ẹ bá rí i pé wọ́n ti fi ọ̀dà tuntun pa àkọlé “Ilé yìí kì í ṣe títà” rẹ́ lára ògiri, ẹ kọ́kọ́ wá ẹni tó kọ ọ́.)

Àwọn kan á ní, “Ará nínú Olúwa ló ń tà á fún wa, kí la tún ń wá lọ́yà sí?” Ẹ ka Jeremáyà orí 32. Ọmọ arákùnrin baba rẹ̀ ló ta oko fún un, Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ló sì ti sọ fún un tẹ́lẹ̀. Síbẹ̀, ó wọn ṣékélì fàdákà 17 náà, ó pe ẹlẹ́rìí, ó fi èdìdì di ìwé, ó sì ní ẹ̀dà kejì.

Láti ọjọ́ 29, oṣù kẹta, ọdún 1978 tí òfin ilẹ̀ ti dé, ìkáwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Ẹni tó ní C of O kò lè fi ilé náà lé yín lọ́wọ́ ní pípé láìsí àṣẹ gómìnà. Rìsíìtì nìkan kò tó. Kí lọ́yà tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà, lọ yẹ ìwé náà wò ní Sẹkitéríàtì Agodi, bóyá ó ti wà ní ìdógò ní báǹkì. Kí sọ̀fíọ̀ pẹ̀lú wò ó bóyá ìjọba ti gba ilẹ̀ náà.

Ilé etí odò a máa dára lójú nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, owó rẹ̀ a sì máa rọjú. Àwọn tó rí omíyalé Ògùnpa ní ìparí oṣù kẹjọ 1980 mọ ohun tó mú kó rọjú. Omi tún ṣọṣẹ́ ní ọjọ́ 26, oṣù kẹjọ 2011. Ẹ lọ wo ilé náà lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ sì bi àwọn àgbà àdúgbò ibi tí omi dé ara ògiri nígbà náà.

Ẹ̀yin ọkọ, ọ̀rọ̀ yín kù. Ẹ̀yin kan ń fi orúkọ àbúrò yín ra ilé kí ìyàwó má baà mọ̀. Bí ọlọ́jọ́ bá dé, àbúrò a di onílé, opó àti ọmọ a di ayálégbé. A kò rí ìdí kankan tí orúkọ tọkọtaya kò fi ní wà lórí ìwé kan náà. Kí ìyàwó mọ ibi tí ìwé wà, kí ẹ̀dà kan sì wà lọ́dọ̀ lọ́yà. Ìkòkò amọ̀ ni Jeremáyà ní kí wọ́n kó tirẹ̀ sí. Báǹkì wà fún tiyín.